Ìrókò àgbà tó ń ṣàìsàn létí oko kòkó: ṣé kí a gé e ni, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkàwé kan láti agbègbè Ìdànrè kọ̀wé pé: “Bàbá wa fi oko kòkó sílẹ̀ fún wa, igbó kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá rí. Ìrókò àgbà kan dúró létí igbó náà, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 15 yí ká. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tí nǹkan kan bí olú, tó le tó sì fẹ̀ bí àwo, ti ń hù ní ìdí rẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbẹ, ihò kan sì là lára rẹ̀ tí ọmọdé lè kó sí. Kòkó mẹ́rin tó sún mọ́ ọn ti kú. Abà tí òṣìṣẹ́ wa ń gbé kò jìn sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ. Agégẹdú kan ní òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá lè yọ̀ǹda gẹdú rẹ̀ fún òun. Àwọn kan ní ká dáná sí ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìrókò. Kí ni ká ṣe?”

Ẹ kú ìtọ́jú oko. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín wá ibòmíràn sùn láti alẹ́ òní. Ìrókò tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, nítorí náà abà tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 60 sí i, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló wà. Owó tí ẹ máa fi tú abà kúrò kò tó èyí tí ẹ máa fi gé igi, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ tó kù fún yín kò ju ìyẹn lọ. Igi tó ń kú láàárín igbó, níbi tí èèyàn kì í gbà kọjá, ó ń kú jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni. Abà, ọ̀nà oko àti kòkó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀ràn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì pọ̀ sínú lẹ́tà yín: ṣé igi yìí ń kú lóòótọ́, ṣé ó máa wó, ṣé òun ló sì pa kòkó? Ẹ tú wọn ká, nítorí ìdáhùn ọ̀kan kò sọ ti èkejì. Igi oníhò lè dúró títí àwọn ọmọ ọmọ yín á fi dàgbà, òmíràn sì lè tutù yọ̀yọ̀ lókè nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà tán nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú orí tó ń gbẹ yẹn. Ìrókò máa ń wọ́wé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní ni ẹ wò ó, ìhòòhò rẹ̀ kò jẹ́ àmì àìsàn kankan. Ẹ padà wò ó ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀mùnú ẹ̀ka òkè pátápátá ni kí ẹ tẹjú mọ́: bí wọn kò bá rúwé, tí èèpo ń bó lára wọn, tí ewé tó kù sì kéré ju ti ìrókò mìíràn ládùúgbò, a jẹ́ pé omi kò gun òkè mọ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta orí igi bá ti rí báyẹn, kì í sábà bọ̀ sípò mọ́.

Ní ti ihò, igi àárín tó pọ́n, tí àwọn oníṣẹ́ pákó fẹ́ràn, ti kú tipẹ́ nínú gbogbo igi àgbà, èyí tó ní ìlera pẹ̀lú. Omi àti oúnjẹ igi, ẹ̀gbẹ́ ìta lábẹ́ èèpo ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyẹn tí igi tó ṣófo fi lè máa so èso lọ́dọọdún. Ohun tí ihò ń bà jẹ́ ni agbára igi láti dúró lójú ìjì, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ bí ògiri tó kù yí ihò náà ká ṣe nípọn tó.

Olú líle yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mọ̀ jù. Èso lásán ni. Àrùn náà gan-an ni fọ́nrán tín-ín-rín tó ti ń jẹ igi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ráyè so síta. Bí ẹ bá kán an dànù, tí ẹ da kẹrosíìnì sí ojú rẹ̀, tàbí tí ẹ fi eérú bo ìdí igi, inú kò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Kò sí oògùn tí a lè fọ́n sí ìrókò tó tó báyìí kó fi san. Ẹ wo ibi tó hù sí. Èyí tó hù lókè, lójú ẹ̀ka tó ti ya rí, lè jẹ́ ìjẹrà tó mọ síbẹ̀. Èyí tó hù nídìí, láàárín gbòǹgbò, ìdí igi tàbí gbòǹgbò ló ń jẹrà, òun ló sì burú. Bí òkè rẹ̀ bá ń dán bí ẹni fi fáńníìṣì kùn ún, tí abẹ́ rẹ̀ funfun tó sì ń di pípọ́n níbi tí ẹ bá fi èékánná ha, tí ẹtù aláwọ̀ kòkó sì bo ewé ilẹ̀ tó wà nítòsí, ẹ fura sí Ganoderma, irú olú kan tó ń jẹ ìdí igi. Ó máa ń sọ igi di rírọ̀ láti ìdí, nígbà tí orí ṣì ní ewé lára.

Ẹ lè yẹ igi náà wò fúnra yín lọ́sàn-án kan tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ kọ́kọ́ wò yí ká bóyá ilẹ̀ là ní ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá gbòǹgbò ń gbé ilẹ̀ sókè, bóyá igi ti tẹ̀ ju bó ṣe tẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ kúrò níbẹ̀, ó ti di iṣẹ́ kíákíá. Bí kò bá sí, ẹ wa ilẹ̀ kúrò lórí gbòǹgbò ńláńlá títí dé ìwọ̀n ìgúnpá, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gún wọn: gbòǹgbò tó yè á kọ ọ̀bẹ, ti ìjẹrà á gbà á wọlé dé èèkù láìsí agbára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn àáké tàbí òòlù onígi kan ara igi yí ká, ní ìwọ̀n orúnkún, ní ìwọ̀n àyà àti níbi tí ọwọ́ bá nà dé. Ibi tó le á dún “kó”, ohùn rẹ̀ á kúrú. Ibi tó ṣófo á dún “gbùù”, ohùn á sì lọ́ra kó tó kú. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú ibi tó ṣófo. Bí ẹ bá yí i ká tán, àwòrán ìjẹrà náà á ti hàn lára èèpo.

Láti mọ bí ògiri ṣe nípọn, ẹ fi bíìtì (irin ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò) tín-ín-rín tó gùn tó ínṣì 12 lu ihò mẹ́rin péré, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí eruku tó ń jáde bá gbẹ, tí ẹ̀rọ sì ń kérora, igi líle lẹ wà. Bí bíìtì bá ṣàdédé já wọlé, tí eruku dúdú tó lọ́rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ògiri ti tán síbẹ̀. Igi tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 yí ká máa ń fẹ̀ tó bí ínṣì 57 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ bí ínṣì 28. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ igi ń tẹ̀ lé ni pé ògiri kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdajì yẹn, ìyẹn bí ínṣì 9. Tiyín ní ihò tó là síta, nítorí náà ínṣì 9 gan-an kò tó fún un. Ìlànà yìí kò sì sọ nǹkan kan nípa gbòǹgbò. Igi tí ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa lè fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò bí ìsàlẹ̀ bá ti jẹrà, èyí ni mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ walẹ̀.

Kòkó mẹ́rin tó kú ńkọ́? Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru ìrókò. Ẹ hú ọ̀kan nínú wọn tàbí kí ẹ wa ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́nrán funfun tó lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ èèpo gbòǹgbò, tó ń pọ́n bọ̀ bó ṣe ń gbó, àrùn gbòǹgbò funfun ni, olú kan tó ń jẹ́ Rigidoporus ló ń fà á. Bí erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ bá lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tí kò ṣeé fọ̀ kúrò, tí nǹkan bí awọ pípọ́n tàbí dúdú sì bò ó, àrùn ti olú mìíràn, Phellinus, nìyẹn. Àwọn méjèèjì ń ti ara gbòǹgbò igi kan bọ́ sórí gbòǹgbò èkejì tó kàn án. Bí gbòǹgbò kòkó bá mọ́, nǹkan mìíràn ló pa wọ́n, gígé ìrókò kò sì ní dá kòkó yòókù sí.

Nísinsìnyí, àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà yín. Dídáná sí ìdí rẹ̀ ni mo kọ̀ pátápátá. Ihò tó là nísàlẹ̀ tó sì ṣófo lọ sókè á máa fa iná gùn, ó sì lè máa jó nínú fún ọjọ́ púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí ọwọ́ iná níta. Ògiri tó tín-ín-rín jù ló kọ́kọ́ máa jó, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni igi sì máa wó sí, lóru tàbí lọ́sàn-án, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Gbogbo èyí sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Bíbó èèpo igi yí ká kí ó lè kú dúró kò dára níhìn-ín: ó lè gba ọdún kan sí mẹ́ta, ẹ̀ka gbígbẹ á sì máa já bọ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Agégẹdú tó fẹ́ gé e lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n gẹdú ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tí gẹdú kò ti ní fọ́, tí ọkọ̀ sì lè dé, ló máa darí igi sí, bí kòkó ogún tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ewu tó tún burú jù ni pé kó gé e dé agbede-méjì, kó rí i pé inú ti jẹrà, kó sì kó ayùn rẹ̀ lọ. Igi tí a gé ku díẹ̀ ló léwu jù nínú igbó. Ẹ sanwó iṣẹ́ gígé lọ́tọ̀, kí ẹ sì dá owó gẹdú sọ lẹ́yìn tó bá ti wà nílẹ̀, tí ẹ ti rí ibi tó yè nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló máa parí, àti ẹni tó máa san kòkó tó bá fọ́. Lóko ara yín pàápàá, ìrókò wà lára igi tí ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí igbó. Ẹ pè wọ́n wá wò ó nígbà tó ṣì dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń bọ igi náà, ẹbí ló ni ìpinnu, agégi kò sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó parí tiwọn. Ẹ tún bi wọ́n bóyá igi ààlà ni, nítorí ìrókò àgbà létí oko sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rí ibi tí ilẹ̀ ẹnìkan parí sí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ẹ jọ pààlà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e.

Èrò tèmi rèé: bí gbòǹgbò bá yè, tí ògiri sì nípọn, ẹ gbé abà àti ọ̀nà oko kúrò, kí ẹ fi igi sílẹ̀ fún àdán àti àgbìgbò. Bí gbòǹgbò bá ti rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ògiri kò tó, tí kòkó tó ń so sì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gé e. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún lọ gé ẹ̀ka rẹ̀ kù lókè. Igi tí ìdí rẹ̀ kò dá yín lójú kò yẹ ní gígùn.

Igi jíjẹrà kò ṣeé gé bí igi tó yè, àgbékọ́ sì ni ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá ń gé igi, a máa ń gé ẹnu sí i ní ẹ̀gbẹ́ tí a fẹ́ kó wó sí, tó jinlẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìbú igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó gé e láti ẹ̀yìn bọ̀, díẹ̀ sókè ju ìsàlẹ̀ ẹnu lọ, ṣùgbọ́n a kì í gé e dé ẹnu. Igi tí a fi sílẹ̀ láàárín méjèèjì, tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú igi, òun ló ń ṣiṣẹ́ bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn: ó ń di igi mú, ó sì ń darí rẹ̀ bó ti ń wó. Fún igi yín, ẹnu á tó ínṣì 11, àgbékọ́ á tó ínṣì 6. Ṣùgbọ́n àárín igi yín ti ṣófo, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni àgbékọ́ máa ní. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹrà, ó máa ya ṣáájú, èyí tó yè á ṣì dì mú, igi á sì yí sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó yè. Báyìí ni igi tí wọ́n darí sínú igbó ṣe ń wó lu kòkó.

Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé àmì ẹfun. Ibi tí ohùn ti le lọ́tùn-ún àti lósì ni kí ẹ gé, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n àyà, dípò ìwọ̀n orúnkún tó jẹrà. Ẹ má kan àkàbà tàbí pèpéle mọ́ ara igi láti gé e lókè; ẹni tó dúró lórí pèpéle kò ríbi sá sí. Ẹ jẹ́ kí ẹnu má jinlẹ̀ kọjá ibi tó yè, bó bá tilẹ̀ dín sí ìdá kan nínú márùn-ún. Wẹ́ẹ̀jì (èèkàn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá sí ojú gígé kí igi lè tẹ̀ síwájú) kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú igi rírọ̀, torí á kàn rì wọlé ni, igi kò ní mira. Okùn wáyà tí wọ́n so sí ẹ̀ka tó yè lókè láìgun igi, kí ayùn tó bẹ̀rẹ̀, ló yẹ kó fà á. Ẹ jẹ́ kí okùn náà gba ara gàrágàrá (kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gba ara rẹ̀ yí) tí wọ́n so mọ́ ìdí igi mìíràn, kí àwọn tó ń fà á má bàa dúró síbi tí igi ń bọ̀. Bí igi bá ti tẹ̀ gan-an síwájú, gígé e láti ẹ̀yìn tààrà lè mú kó là sókè láti ìdí, kí ìlàjì rẹ̀ sì gbá ẹni tó ń gé e. Irú rẹ̀ ń fẹ́ kí orí ayùn gún igi wọlé lẹ́yìn àgbékọ́, kó gé e wá sẹ́yìn, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá láti já kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà yìí kò yẹ kó gba iṣẹ́ náà.

Ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ló dára, lówùúrọ̀, kí ìjì oṣù Kẹta àti Kẹrin tó dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń mi orí igi kéékèèké, ẹ dúró. Ìtàkùn tó so orí ìrókò mọ́ igi mìíràn, ẹ gé e nídìí ní oṣù mẹ́fà ṣáájú bí àyè bá wà, kó lè jẹrà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa fa ẹ̀ka lé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ẹnu ihò lọ́sàn-án bóyá oyin wà níbẹ̀. Ìró ayùn á tú wọn jáde, ẹni tí ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì lè sá. Kí olóyin kó wọn lálẹ́ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ẹ wọn gíga igi. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn dọ́gba pẹ̀lú ojú yín sí ìkúùkù yín, ẹ nawọ́, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ìsàlẹ̀ ọ̀pá á fi bá ìdí igi mu, tí orí rẹ̀ á bá orí igi mu. Ibi tí ẹ dúró sí dé ìdí igi ni gíga rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú nìkan lèyí wà fún, kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 240 yí ká, àfi agégi àti ẹnìkan tó ń bá a wo òkè. Kí wọ́n ro ọ̀nà méjì fún sísá, tó yà sí ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀yìn igi tààrà kò dára, nítorí ìdí igi lè fò sẹ́yìn.

Igi tó fẹ̀ tó ínṣì 57 ń fẹ́ ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí irin rẹ̀ gùn tó ínṣì 36, wọ́n á sì gé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ béèrè bóyá bíréèkì ayùn náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ayùn alágbára àtijọ́ mìíràn kò ní in rárá. Kí ṣéènì méjì ó kéré tán wà nílẹ̀, nítorí ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, pàápàá nítòsí ojú ọgbẹ́, òkúta yẹn a sì máa ba eyín ayùn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bo imú àti ojú: eruku ìrókò ń mú ara yún, ó sì ń dá ikọ́ àti mímí fìn-ín-fìn-ín sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí ihò láti bu bẹntiróòlù, nítorí eruku ìjẹrà gbígbẹ yára gbaná.

Bí ó bá wó tó sì há sára igi mìíràn, ẹ rántí pé òwe tó ní bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé, kò sọ pé kí ẹ gùn ún, kò sì sọ pé kí ẹ gé èyí tó gbé e dúró. Ẹ fi okùn fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn láti òkèèrè. Títí á fi balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Gígé e kò pa àrùn. Kùkùté àti gbòǹgbò tó kù nílẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ti rí fọ́nrán lára kòkó tó kú, ẹ hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun wọ́n lójú ihò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbẹ́ kòtò yí agbègbè náà ká, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, lẹ́yìn kòkó kan tó ṣì dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le, kí ẹ sì gé gbogbo gbòǹgbò tó bá dábùú rẹ̀. Inú agbègbè tó ní àrùn ni kí ẹ da erùpẹ̀ kòtò náà sí, ẹ má dà á sí ìhà kòkó tó yè. Ẹ máa kó ewé kúrò nínú kòtò náà kó má dí. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ máa gbìn sáàárín agbègbè tí kòtò yí ká fún ọdún méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbin kòkó padà, kí ẹ sì máa wa ìdí kòkó tó wà létí kòtò wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ ìrókò mìíràn rọ́pò rẹ̀, akọ igi àti abo igi wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìrókò, abo nìkan ló ń so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ tó sì ń gbé irúgbìn káàkiri, nítorí náà ẹ lè rí ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́ rẹ̀ níbi tó jìnnà sí ìyá. Ẹ tọ́jú wọn lábẹ́ ìbòòji díẹ̀ láàárín igi mìíràn. Níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n ní tààrà, kòkòrò kékeré kan, Phytolyma, máa ń mú ọ̀mùnú wọn wú kókó, wọn a sì jẹrà láti orí wá sílẹ̀.